Fèrè Lórí Òkè Pupa

Ẹ jókòó, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ má wo ti èmi tí mò ń dìde tí mò ń jókòó bí ẹni tí ìjàlọ wọ ṣòkòtò rẹ̀. Bí ẹ bá ti gbọ́ ìró ọkọ̀ láti apá oko, ẹ tètè sọ fún mi, etí yín mú ju tèmi lọ. Ẹ sì bá mi pa rédíò yẹn. Mi ò fẹ́ gbọ́ orin kankan báyìí.

Ẹ̀yin náà mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìyá ńlá yín ti wà lóko Ẹlẹ́ja láti ìjẹta, ó ní òun fẹ́ fojú ara òun rí i pé wọ́n wa iṣu tó kù kí òjò tó bà á jẹ́. Àárọ̀ yìí ni ẹni tó ń bá wa ṣiṣẹ́ níbẹ̀ gun orí àpáta lọ wá nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ó pè pé ibà ti dá Màmá dùbúlẹ̀, pé wọn ò leè dìde, pé ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ò sì já geere mọ́. Bọ̀dé bàbá yín ò fẹnu kan oúnjẹ. Ó bọ́ sínú jíìpù tuntun rẹ̀, ó ní òun ń lọ gbé ìyá òun, pé láti oko, ọsibítù Ìkọ̀lé ló kàn. Mo ní kí n bá a lọ. Ó ní, "Bàbá, ẹ jókòó. Ojú yín ò ríran dáadáa mọ́, ẹ̀yìn yín ò sì gba gbígbọ̀n." Òótọ́ ló sọ, ṣùgbọ́n òótọ́ náà dùn mí. Kò pẹ́ tó lọ tán ni òjò tún bẹ̀rẹ̀. Bí mo bá pè é, obìnrin inú fóònù ló ń dá mi lóhùn, kò sì ní ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu ju pé n kò leè rí ẹni tí mò ń pè bá sọ̀rọ̀.

Nígbà tó ń lọ, mo tẹ̀lé e dé ẹ̀bá ọ̀nà. Mo bi í bóyá ó ti wo ọ́ìlì. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní bí ọ́ìlì bá lọ sílẹ̀, ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ni yóò sọ, iná kan á tàn níwájú òun. Ẹ gbọ́ ná, ọkọ̀ tó ń sọ̀rọ̀. Láyé tiwa, ọkọ̀ kì í sọ̀rọ̀, àwa la máa ń bi í léèrè. Láàárọ̀, kí ẹ́ńjìnnì tó gbóná, wàá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, wàá fa ọ̀pá ọ́ìlì yọ, wàá nù ún, wàá kì í bọ ibẹ̀ padà, wàá tún fà á yọ kó o tó gba ohun tó bá wí gbọ́. Wàá wo omi inú rédíétọ̀. Wàá fi ìka tẹ bẹ́líìtì bóyá ó ti dẹ̀. Lẹ́yìn náà, wàá dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ilẹ̀, wàá wo abẹ́ ọkọ̀ bóyá ó ń kán nǹkan sílẹ̀. Ẹni tí kò bá leè dọ̀bálẹ̀ fún ọkọ̀ rẹ̀ láàárọ̀, ọkọ̀ náà á mú un dọ̀bálẹ̀ nínú ẹrẹ̀ lọ́sàn-án.

Kí ni mo gbọ́ yẹn? Ọ̀kadà ni. Ẹ jẹ́ kó máa lọ.

Ẹ wo Lándírófà wa lẹ́yìn ilé yẹn, èyí tí adìẹ ń yé sí nínú rẹ̀. Ẹ máa ń fi ṣeré, ẹ ń pè é ní ilé adìẹ Bàbá. Nígbà tó ṣì ń rìn, kò sí ẹni tí kì í fi ọ̀wọ̀ fún un ní gbogbo agbègbè yìí. Mo rà á ní gbàǹjo, nígbà tí iléeṣẹ́ kan tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ fẹ́ dà á nù. Àwọn ènìyàn fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní mo lọ ra àgádágodo tí kò ní kọ́kọ́rọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí òjò dé, tí àwọn ọkọ̀ tó ń dán kò leè kọjá iwájú ọjà Ìkọ̀lé, èmi nìkan ni mò ń wọ oko Ẹlẹ́ja. Iṣu wọn, ẹ̀gẹ́ wọn, àgbàdo wọn, àti ìyá àgbà wọn tí kò leè rìn mọ́, èmi ni mò ń kó gbogbo rẹ̀. Bí ọdún ìkórè bá dé, ọrẹ oko ìjọ wa dọwọ́ mi. Bí Iléyá bá dé, àgbò àwọn ará mọ́ṣáláṣí dọwọ́ mi. Ọdún kan wà tí àgbò kan bẹ́ sílẹ̀ lójú odò, ó sì wọ́ ọkùnrin tó dì í mú láti etí kan dé èkejì. Nígbà tí wọ́n jáde, mi ò mọ èyí tó ń ké nínú àwọn méjèèjì.

Ẹ wo àtàǹpàkò ọwọ́ mi yìí. Ẹ rí bó ṣe wọ́? Ẹ ti ń bi mí tipẹ́ ohun tó ṣe é. Stẹ́rìn ló ṣe é. Lójú kòtò tí táyà ti gbẹ́ sílẹ̀, bí táyà iwájú bá kọ lu gbòǹgbò tàbí òkúta, stẹ́rìn á yí pìrì lójijì, irin àárín rẹ̀ á sì gbá àtàǹpàkò tó bá dì í mọ́ inú. Nítorí náà, ìta ni kí àtàǹpàkò wà, kó tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ìka yòókù bí ìgbà tí ènìyàn gbé àwo lọ́wọ́. Kò sí ilé ẹ̀kọ́ ìwakọ̀ tó kọ́ mi bẹ́ẹ̀. Ìrora ló kọ́ mi. Mo sọ fún Bọ̀dé láàárọ̀ yìí, ó ní stẹ́rìn ti òde òní kì í jà. Bóyá lóòótọ́ ni. Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò leè ní àkísà bí àgbà.

Ohun tó ń já mi láyà jù ni Òkè Pupa àti odò tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá ń bọ̀ láti oko, orí òkè náà lẹ ó kọ́kọ́ gùn, lẹ́yìn náà lẹ ó sọ̀ kalẹ̀ dé odò. Bí ẹ bá la odò kọjá, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ẹlẹ́rẹ̀ yẹn ló kù tí ẹ ó gùn dé ẹ̀yìn ilé wa yìí. Ọ̀nà náà ò gùn, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ọkọ̀ ń kú sí. Ẹrẹ̀ rẹ̀ pupa, ó ń fà bí ilá. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kì í ki ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bọ iṣẹ́, kí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ máa fa ọkọ̀, àfìgbà tí wọ́n bá rì tán. Orí ilẹ̀ líle ni o ti ń ṣe é, kí o tó rí ẹrẹ̀. Lándírófà wa ní ọ̀pá kékeré kan tó lórí yẹ́lò. Orí Òkè Pupa ni mo ti máa ń tẹ̀ ẹ́, tí mo bá dúró tán. Lẹ́yìn náà, jíà kìíní ni mo fi ń sọ̀, ẹsẹ̀ mi á jìnnà sí bíréèkì, nítorí bí o bá tẹ bíréèkì lórí ẹrẹ̀, táyà á dúró ṣùgbọ́n ọkọ̀ á máa lọ. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ la ń pa àmúkùrù orí ẹ̀pọ̀n. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ àgbà ni.

Bí mo bá dé etí odò, mi ò ní wọ̀ ọ́. Mo máa dúró. Ìyá ńlá yín ni yóò sọ̀ kalẹ̀, á ká aṣọ rẹ̀ sókè, á mú ọ̀pá, á wọ inú omi lọ ṣáájú ọkọ̀. Ọ̀pá yẹn ló fi ń wá kòtò, tó fi ń mọ ibi tí òkúta wà. Bí omi bá ga ju orúnkún rẹ̀ lọ, a ó jókòó sétí odò títí yóò fi fà, bó bá gba pé ká sun ẹ̀bá rẹ̀, a ó sùn ún. Bí kò bá kọjá orúnkún, èmi náà á sọ̀ kalẹ̀, màá tú bẹ́líìtì fáànù kó má baà máa da omi sórí púlọ́ọ̀gì. Ìyá ńlá yín á dúró lódìkejì, á gbé ọ̀pá sókè, á ní, "Ẹ máa bọ̀, ẹ má dúró." Gbólóhùn yẹn nìkan ni. Mi ò ní wo omi mọ́, ọ̀pá ọwọ́ rẹ̀ ni mò ń wò. N kì í pa jíà dà lójú odò, n kì í tẹ kílọ́ọ̀ṣì, n kì í sáré, n kì í sì í dúró. Mò ń lọ bí ẹni tó ru àmù omi. Bí ọkọ̀ bá dé òkè, òun náà á wọlé, á máa fún aṣọ rẹ̀, á sì máa bú mi pé mo fi omi wọ́n òun.

Àwọn ènìyàn ń sọ pé èmi ni awakọ̀ tó mọ odò Ẹlẹ́ja jù. Ojú ìyá ńlá yín ni mo fi ń wà á. Ta ni yóò wá wọn omi fún Bọ̀dé lónìí, nígbà tó jẹ́ pé ẹni tó mọ̀ ọ́n wọ̀n ló sùn sórí ìjókòó ẹ̀yìn tí ń gbọ̀n?

Ó dáa, mo ti jókòó. Ẹ fún mi lómi mu.

Ohun tó mú kí ọkọ̀ kan ṣoṣo leè sin gbogbo wa kì í ṣe ọkọ̀ náà nìkan. Ọ̀nà náà ní olówó orí. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, wọ́n á kéde, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan á sì gba ibi tirẹ̀. Àwọn kan á ro etí ọ̀nà, àwọn kan á ya ojú omi kúrò lójú títì kó má baà gbẹ́ ẹ, àwọn kan á ru òkúta sínú kòtò. Bí mo bá ń kọjá, a ó máa kí ara wa ní "Ẹ kú uṣẹ́ o", mo sì gbọ́dọ̀ dúró kí n gbé àwọn tó ti rẹ̀ padà sílé. Lónìí, gbogbo wa ń dúró de ìjọba. Kálukú ra ọ̀kadà, ọ̀kadà sì leè gba ojú ọ̀nà ẹsẹ̀, nítorí náà ta ni yóò tún ọ̀nà ọkọ̀ ṣe? Mi ò bú ẹnikẹ́ni. Èmi náà wà níbẹ̀ nígbà tí a jẹ́ kí ó bàjẹ́.

Fèrè ọkọ̀ tún wà. Ẹ̀yin ò leè mọ̀ ọ́n. Orí Òkè Pupa ni awakọ̀ ti máa ń fun fèrè kó tó sọ̀. Bó bá fun ún ní ẹ̀ẹ̀kan, ó ń sọ fún ọkọ̀ tó bá wà nísàlẹ̀ pé kó dúró, nítorí ọkọ̀ méjì kò leè pàdé lójú odò. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ gígùn kan, tí kúkúrú méjì tẹ̀lé e, aláìsàn ló gbé. Bí àwa ará Àsin níhìn-ín bá ti gbọ́ èyí, ẹni tó ń jẹun á fọwọ́ sílẹ̀. Wọ́n á mú àdá, wọ́n á gé imọ̀ ọ̀pẹ, wọ́n á sáré lọ tẹ́ ẹ sórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn kí ọkọ̀ tó la odò tán, kí táyà lè rí nǹkan jẹ. Tọkùnrin tobìnrin, onígbàgbọ́ àti mùsùlùmí. Nígbà tí ọkọ̀ bá dé, ọ̀nà á ti tutù yọ̀yọ̀ bí ìgbà tí a fẹ́ gba ọba.

A kì í fi fèrè yẹn ṣeré. Ní àìsùn ọdún ìjẹṣu kan, awakọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Ṣùfí gbé iṣu tuntun bọ̀ lóko, ọkọ̀ rẹ̀ sì wúwo jù. Ó mọ̀ pé òun ò ní leè gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà, ó bá fun fèrè aláìsàn. Gbogbo ìlú tú jáde. Obìnrin kan tí ọmọ rẹ̀ wà lóko ti ń ké kó tó dé ìsàlẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣí tapólì, iṣu ni wọ́n rí. Wọn ò na Ṣùfí, wọn ò bú u. Wọ́n kàn ká imọ̀ ọ̀pẹ wọn nílẹ̀, wọ́n kó o padà sílé, wọ́n sì fi òun àti iṣu rẹ̀ sílẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Ibẹ̀ ló ti ṣọdún. Òun alára ló padà máa ń sọ ìtàn yìí fún àwọn awakọ̀ tuntun.

Ẹyọ kan ló kù, mi ò sì fẹ́ sọ ọ́. Ó dáa, n óò sọ ọ́, ó ṣáà wà lọ́kàn mi láti àárọ̀. Ọkọ̀ tó bá gbé òkú kì í fun fèrè. Á kàn sọ̀ kalẹ̀ ní ìdákẹ́jẹ́. Bí a bá gbọ́ ẹ́ńjìnnì lórí òkè tí a ò gbọ́ fèrè, àwọn àgbà á ṣí fìlà, kò sì ní sí ẹni tó máa béèrè ohunkóhun.

Fọlákẹ́, kúrò lójú òjò. Mo ní kí ẹ máa fetí sílẹ̀, mi ò ní kí ẹ wẹ̀.

Bí ẹ bá dàgbà tí ẹ ra irú ọkọ̀ yìí, ẹ rántí pé ọjọ́ tó bá ti inú ẹrẹ̀ bọ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹ má fọ ara rẹ̀ nìkan kí àwọn ènìyàn lè yìn yín. Ẹ da omi sí abẹ́ rẹ̀ títí amọ̀ yóò fi bọ́, nítorí amọ̀ ló ń di omi mọ́ irin, irin á sì máa jẹ díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ rí i. Ẹ fún un ní gíríìsì. Ẹ tú ọ́ìlì ìdí rẹ̀ wò. Bí ó bá ti funfun bí ògì, omi ti wọlé, ẹ dà á nù lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ohun tí mo sọ fún Bọ̀dé lọ́sẹ̀ tó kọjá nìyẹn, ó ní mẹkáníìkì òun ní Ìfàkì ń bójú tó gbogbo rẹ̀. Mẹkáníìkì rẹ̀ kọ́ ló wà lójú odò báyìí.

Ẹ dákẹ́.

Ẹ dákẹ́ ná. Kì í ṣe ọ̀kadà nìyẹn. Ọkọ̀ ni, ó ń gun òkè láti ìhà oko. Mo mọ̀ ọ́n, ó ń gùn ún pẹ̀lú jíà tó wálẹ̀, kò sáré. Ẹ wò ó bí ẹ ṣe ń pàtẹ́wọ́ pé wọ́n ti dé. Ẹ má tí ì pàtẹ́wọ́.

Ó ti dé orí òkè. N kò gbọ́ nǹkan kan.

Bọ̀dé ò mọ fèrè, n óò máa sọ ọ́ fún ara mi. Ọ̀dọ̀ àbúrò mi ní Adó ló ti kàwé, nígbà tó fi máa padà wálé, Lándírófà ti kú. Kò sí ẹni tó kọ́ ọ. Nítorí náà, ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ ò túmọ̀ sí nǹkan kan. Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kó túmọ̀ sí nǹkan kan. Fọlákẹ́, fún mi lọ́wọ́ rẹ. Mo fẹ́ dìde.

Ó ti dúró. Ẹ gbọ́ ẹ́ńjìnnì, ó ń kùn lójú kan. Ó dúró lórí ilẹ̀ líle. Kí ló ń ṣe níbẹ̀? Ta ló sọ fún un pé kó dúró níbẹ̀?

Gígùn kan.

Kúkúrú. Kúkúrú.

Ṣé ẹ gbọ́ ọ? Ṣé kì í ṣe etí mi ló tàn mí? Ẹ tún gbọ́, ó tún ń fun ún. Ẹ̀yin ọmọ mi, ọwọ́ Bọ̀dé ló wà lórí fèrè, ṣùgbọ́n ẹnu ìyá rẹ̀ ló ti jáde. Kò sí ẹlòmíràn nínú ọkọ̀ yẹn tó mọ̀ ọ́n. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti já geere. Ó ń dá ọmọ náà dúró, ó ń sọ fún un pé ibí ni kí o ti ki ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bọ̀ ọ́, ibí ni wọ́n ti ń pe àwọn ará ilé. Àìsàn yìí ò tí ì gba ọ̀nà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ wo ìyẹn lódìkejì ọ̀nà, Ìyá Kárímù ti ṣílẹ̀kùn. Obìnrin tí kò jáde nílé láti oṣù tó kọjá nítorí orúnkún, òun nìyẹn pẹ̀lú àdá lọ́wọ́. Ó ń bi mí pé, "Bàbá Bọ̀dé, ṣé ará ulé yín ni?" Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá Kárímù, ará ilé mi ni. Ẹ wo ilé kejì, àwọn àgbà náà ń jáde. Àwọn ọmọ wọn ń tẹ̀lé wọn, wọ́n ń béèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀, kò sì sí ẹni tó ráyè dá wọn lóhùn.

Ẹ dìde. Àdá wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ọ̀pẹ kúkúrú méjì wà nítòsí ilé adìẹ, ẹ gé gbogbo ohun tí ọwọ́ yín bá tó. Ìdí imọ̀ ni kó kọjú sókè, ewé rẹ̀ kó kọjú sódò, ẹ tò ó sí ibi tí táyà méjèèjì máa gbà. Ẹ fún mi ní ọ̀pá mi. Rárá, kì í ṣe èyí tí mo fi ń rìn. Èyí tó gùn, tó wà lábẹ́ àjà. Òun ni ìyá ńlá yín fi ń wọn omi.

Mo mọ̀ pé ojú mi ò ríran mọ́. Bóyá omi ga ju orúnkún lọ, ẹsẹ̀ ló ń sọ ọ́, kì í ṣe ojú. Ẹ jẹ́ kí n wọ inú rẹ̀, kí n dúró sí àárín, kí n gbé ọ̀pá yìí sókè kí ó lè rí mi láti inú ọkọ̀.

Máa bọ̀, Ìyá Bọ̀dé. Má dúró.